Róòsì Ìyá Onílé Bọ́ Sọ́wọ́ Bábà

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Onílé fẹ́ rìnrìn àjò, ó kan ilẹ̀kùn Bábà, ayálégbé rẹ̀ tó ń gbé yàrá iwájú, tó sì ń gé irun fún àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Bábà jáde sí i tòun ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Láti ọjọ́ tó ti kó débẹ̀, òun àti ìyá yìí ò tíì sọ ju ẹ kú àárọ̀, ẹ kú alẹ́ lọ, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi tíì jà rí.

“Bábà, tẹ̀ lé mi wá sẹ́yìnkùlé.”

“Mà, ṣé kò sí o? Tó bá jẹ́ torí irun tó dí gọ́tà ni, mo ti kó o.”

“Irun kọ́. Ọmọ mi ti bímọ, mo fẹ́ lọ bá a tọ́jú ọmọ.”

“Háà! Ẹ kú oríire o, mà! Ọlọ́run á wò ó.”

“Àmín. Ìwọ náà lo máa bá mi tọ́jú àwọn ọmọ mi tó kù nílé.”

Bábà yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá yìí bí.

“Àwọn ọmọ wo, mà?”

Wọ́n ti yí kọ́nà ilé. Ìyá Onílé nawọ́ sábẹ́ wíńdò yàrá rẹ̀, níbi tí àwọn igi ẹlẹ́wé dídán kan tò sí bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de tíṣà. Pupa wà níbẹ̀, funfun wà níbẹ̀, yẹ́lò náà ò gbẹ́yìn. Èyí tó wà láàárín nìkan ni kò ní nǹkan kan lórí ju ewé lọ.

“Àwọn nìyẹn. Bábà, ṣé o fẹ́ràn òdòdó?”

“Òdodo kẹ̀? Láti kékeré ni, mà! Pàṣán ni ìyá mi fi lé irọ́ jáde lára mi. Òdodo ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Bí orí oníbàárà bá rí págunpàgun, ojú ẹ̀ ni mo ti ń sọ fún un.”

“Òdòdó ni mo pè! Èmi ò pe òdodo. Òdòdó, èyí tó ń hù nílẹ̀.”

“Áà! Ewéko lẹ ń sọ.”

“Ewéko! Ẹni tó bá pe róòsì ní ewéko, á pe kìnnìún ní ológbò.”

“Ẹ má bínú, mà. Kí wá lorúkọ tiwọn gan-an?”

Ìyá Onílé na ọrùn sókè bí ẹni tó fẹ́ ka orúkọ ìdílé rẹ̀ fún àjèjì. “Róòsì tíì.”

Bábà tẹ̀ ba, ó yẹ ewé kan wò sọ́tùn-ún sósì. “Ṣé ẹ kọ́kọ́ máa ń sá a gbẹ ni, àbí tútù lẹ ń jù ú sómi gbígbóná?”

“Ta ló ní kó o mu ún?”

“Ẹ̀yin lẹ ní tíì, mà.”

“Orúkọ ni! Wọ́n ní àwọn tó kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀ ló sọ pé ó jọ ewé tíì. Fetí sílẹ̀ kó o gbọ́n. Wọ́n mú ẹ̀yà kan tó lágbára, wọ́n mú ẹ̀yà kan tó lẹ́wà, wọ́n fi wọ́n ṣe tọkọtaya. Ọmọ tí wọ́n bí lò ń wò yẹn. Kì í yọ jáǹtìrẹrẹ bí òdòdó ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ̀ka kan, òdòdó kan. Àmọ́ bí ọ̀kan yẹn bá yọ, á tóbi, ọrùn ẹ̀ á gùn, á dúró ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.”

“Mà, nínú tọkọtaya yẹn, èwo ló lẹ́wà? Ọkọ ni, àbí ìyàwó?”

“Bábà, ọkọ̀ ń dúró dè mí.”

“Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, mà.” Ó nawọ́ síbi ẹ̀ka pupa kan.

“Ṣọ́ra! Ó lẹ́gùn-ún!”

Bábà fò sẹ́yìn. “Ó légùn-ún? Ta ló gégùn-ún fún un? Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan tí wọ́n gégùn-ún fún sílẹ̀ tì mí o! Èmi nìkan ni ìyá mi ní!”

“Ẹ̀gún ni mo ní! Ẹ̀gún! Nǹkan ṣóńṣó tó máa ń wà lára igi, tó ń gún èèyàn…”

“Yéè! Ọwọ́ mi!” Bábà ti tún fọwọ́ kan ẹ̀ka náà.

“Òun náà nìyẹn. O ti rí i báyìí.”

Bábà ki ìka bọnu, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Ìyá Onílé ò tiẹ̀ wò ó. Ó ti gbé kẹ́ńtù omi, ó fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́.

“Omi rèé. Àárọ̀ ni kó o máa bu ú. Má dà á lé ewé lórí, ewé tó bá ń tutù ṣáá á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àpá dúdú dúdú. Ìdí ni kó o máa dà á sí.”

“Ìdí mi?”

“Ìdí róòsì!”

“Ó yé mi, mà. Wọn ò kàn ní wẹrí.”

“Bí kòkòrò wẹ́wẹ́ bá bò ó, po ọṣẹ mọ́mi, kó o fọ́n ọn sí i.” Ó gbé kẹ́ńtù sílẹ̀, ó sì rọra fọwọ́ kan igi àárín tí kò ní nǹkan lórí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. “Èyí tí mò ń bá ẹ sọ jù nìyí. Bàbá ló ni ín.”

Ẹ̀rín bo Bábà lójú, ó sì tẹríba dáadáa. “Mà, ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún mi.”

“Fún ìwọ bíi ta?”

“Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán ni. Ẹ ní Bábà ló ni ín.”

“Bàbá! Bàbá! Ọkọ mi olóògbé!”

“Háà. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, mà.”

“Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi gbìn ín. Tó bá tanná, bí ojú ọ̀run ìdájí ló máa ń rí, kò pupa, kò pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Láti ìgbà tó ti lọ, igi yìí ò tanná mọ́. Mo bomi, mo bá a sọ̀rọ̀, mo gbàdúrà sí i. Ewé ṣáá ló ń yọ. Bábà, mo fi í lé ẹ lọ́wọ́.”

“Ẹ máa lọ láìfòyà, mà. Bí ẹyin lójú ni mo máa ṣe é.”

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Onílé ṣe wọkọ̀ lọ. Láràárọ̀ ni Bábà ń bomi sídìí róòsì, ó sì ń yẹra fún ẹ̀gún bí ẹni ń yẹra fún àna tó ń bínú sí i.

Nígbà tó ṣe, ìyá tẹ̀ ẹ́ láago. Bábà wà lẹ́nu iṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ ń dún gbirigbiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹkún ọmọ tuntun sì ń ta lọ́dọ̀ ìyá. Kí ọ̀rọ̀ kan tó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, á ti fara gbọgbẹ́ lọ́nà.

“Ẹ kú àárọ̀ o, mà! Báwo lọmọ?”

“Ó ń ké ṣáá ni! Àwọn ọmọ mi tọ̀hún ńkọ́?”

“Wọ́n wà pa! Wọ́n ti ga sí i!”

“Ṣé wọ́n ti tanná?”

“Iná kẹ̀, mà? Iná ti lọ látàná! Jẹnẹrétọ̀ la wà lórí ẹ̀!”

“Mo ní ṣé wọ́n tanná! Ti Bàbá ńkọ́?”

“Èmi náà ò rí iná! Kò sẹ́ni tó rí i láàdúgbò!”

Ìyá mí kanlẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Ohun tó sọ ni pé, “Ó dáa, ṣáà máa kẹ́ wọn! Kẹ́ wọn, gẹ̀ wọ́n!” Ohun tó wọ etí Bábà láàárín jẹnẹrétọ̀ àti ẹkún ọmọ ni pé, “Ké wọn! Gé wọn!”

Bábà pa kílípà ọwọ́ rẹ̀. “Mà? Ẹ ní kí n gé wọn?”

“Ẹn-ẹ́n! Gẹ̀ wọ́n dáadáa!”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn! Má yọ ìkankan sílẹ̀!”

“Mà… ti Bàbá ńkọ́? Ti Bàbá náà?”

“Ti Bàbá gan-an ni kó o ti bẹ̀rẹ̀! Òun ló nílò ẹ̀ jù!”

“Títí dé ibo, mà?”

“Títí tí mo fi máa dé ni!”

“Háà! Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa dé, kí ló máa kù?”

“Ṣé o ń gbọ́ mi?”

“Mò ń gbọ́ o! Mà, ṣé kò ní dùn yín báyìí?”

“Kí ló máa dùn mí? Inú mi á dùn ni! Ṣáà ṣe é fún wọn bó o ṣe ń ṣe é fún orí àwọn oníbàárà ẹ!”

Fóònù kú.

Bábà ronú lé e lórí títí di ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ta ló tó yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀? Ó yá àlùmọ́gàjí ńlá lọ́wọ́ télọ̀ ilé kejì, ó fi sípírítì nù ún bó ṣe máa ń nu irinṣẹ́ tirẹ̀, ó sì lọ dúró níwájú àwọn róòsì.

“Ẹ má bínú sí mi o,” ó sọ fún wọn. “Ìyá yín ló rán mi.”

Ó gé wọn kanlẹ̀, ó ṣe wọ́n dọ́gbadọ́gba, ó yí wọn ká bó ṣe máa ń yí orí oníbàárà ká, ó ń di ojú kan láti wo èyí tó ga ju ìkejì lọ. Orí ti Bàbá ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ìyá ṣe wí. Bó ṣe parí, ó ti mú pọ́dà lọ́wọ́ kó tó rántí pé wọn ò lọ́rùn tí èèyàn lè da pọ́dà sí mọ́.

Àìpẹ́ lẹ́yìn èyí ni Ìyá Onílé dé. Kò wọlé rárá. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ tààrà tòun ti báàgì lọ́wọ́. Bábà ń tẹ̀ lé e, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí oríyìn.

Báàgì jábọ́.

“Bábà! Bábà o! Wọ́n ti jí òdòdó mi lọ!”

“Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí olè tó wọbí.”

“Ewúrẹ́ ta ló wọlé?”

“Kò sí ewúrẹ́ kankan, mà. Èmi ni.”

“Ìwọ lo jẹ ẹ́?”

“Mi ò jẹ ẹ́! Mo gé e ni, bẹ́ ẹ ṣe ní kí n gé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó, mà. Kò sí èyí tó fi orí yọ ju ẹnì kejì lọ.”

Ìyá Onílé wá ohun tó máa jókòó lé. Báàgì rẹ̀ ló jókòó lé. “Èmi? Ẹnu èmi yìí ló ní kó o gé róòsì mi?”

“Ẹ tún ní ti Bàbá gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀.”

“Kẹ́ ni mo wí! Kẹ́ wọn!”

“Ké náà ni mo gbọ́, mà.”

“Kì í ṣe ké! Kẹ́! Èyí tó ní àmì nísàlẹ̀!”

“Mà, àmì ìsàlẹ̀ yẹn ò dé ọ̀dọ̀ mi. Àfi bó bá já bọ́ lójú ọ̀nà.”

“Gẹ̀ tí mo wí ńkọ́? Gẹ̀! Òun náà ò dé?”

“Ó dé, mà. Àmọ́ nígbà tó máa fi dé, ó ti di gé.”

“Orí ẹ ò tiẹ̀ sọ fún ẹ pé èèyàn ò lè fẹnu ara ẹ̀ ní kí wọ́n gé òdòdó ọkọ òun?”

“Mà, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni gígé. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe é, kò tíì sí ẹni tó jókòó sórí àga mi tó ní kí n gẹ̀ òun.”

Ìyá Onílé dìde. “Ó dáa. Lọ wá ilé míì.”

“Mà?”

“Ilé yìí ò gba èmi àti ìwọ mọ́. Kó àga ẹ, kó dígí ẹ, kó àlùmọ́gàjí burúkú yẹn.”

“Ti télọ̀ ni àlùmọ́gàjí, mà.” Ẹ̀rín ti pa lójú Bábà. “Mà, ẹ ṣàánú mi. Ẹnu ọ̀nà yìí ni gbogbo oníbàárà mi mọ̀. Bí mo bá kúrò níbí, inú afẹ́fẹ́ ni mo ti máa gé irun?”

Igi àárín ni ìyá náà ń wò, èyí tó ti di kùkùté kúkúrú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò pariwo mọ́.

“Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ọkọ mi lọ sọ́síbítù, òdòdó kan ṣoṣo wà lórí igi yìí, kò tíì ṣí. Ó ní bó bá ti ṣí, kí n gé e wá fún òun. Nígbà tó ṣí, mo gé e. Mo fi aṣọ tútù wé ẹsẹ̀ ẹ̀ kó má bàa rọ, mo gbé e mọ́ àyà dé ọ̀hún.” Ó fọwọ́ kan kùkùté náà. “Wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú kí n tó dé. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí irin kan ara igi yìí mọ́.”

Bábà lóṣòó tì í. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà tó fẹ́ sọ, kò sí ìkankan nínú wọn tó tó. Ó wá sọ èyí tó mọ̀.

“Mà, ẹ jẹ́ ká wò ó ná. Orí tí mo ti fá láyé yìí ò kéré, mi ò tíì rí èyí tí kò hù padà.”

“Ti apárí ńkọ́?”

“Apárí kì í wá sọ́dọ̀ mi, mà.”

Nǹkan kan fẹ́ yọ lẹ́nu Ìyá Onílé. Bóyá ẹ̀rín ni, bóyá ikọ́ ni. Ó yáa gbé e mì.

“Bí kò bá hù ńkọ́?”

“Bí kò bá hù, ẹ ò ní tún lé mi. Èmi fúnra mi ni mo máa gbé àga lérí.”

“Gbé báàgì yìí wọlé fún mi. Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o.”

Láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ tí Bábà kì í kúnlẹ̀ ti àwọn kùkùté yìí. Ìyá Onílé náà á ṣí wíńdò bí ẹni tó fẹ́ gbatẹ́gùn, á máa fẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Lọ́jọ́ kan, ó ń wò ó bẹ́ẹ̀ ló bá kígbe, ó jáde tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan.

“Bábà! Sún kúrò! Wo ojú ẹ̀! Ṣé o rí ojú?”

Bábà gbójú sókè, ó wò ó dáadáa. “Ojú yín dáa, mà. Ó kàn wú díẹ̀, bóyá ẹ ò sùn dáadáa.”

“Ojú igi! Wò ó níbí, èyí tó pupa ṣóńṣó bí orí ìṣáná yìí. Ẹ̀ka tuntun ló fẹ́ tibẹ̀ yọ. Òmíràn rèé. Òmíràn tún rèé! Àní lára ti Bàbá!”

“Mo sọ fún yín, mà! Ó ń hù!”

Ìyá Onílé fojú wọ́n àwọn ibi tó ti gé e, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì dẹ́kun ẹ̀rín. “Dúró ná. Ta ló kọ́ ẹ pé òkè ojú tó kọ síta ni kó o ti gé e? Ẹ̀ka yìí á gba ìta lọ, inú ẹ̀ á ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Bí ọkọ mi ṣe máa ń ṣe é gan-an nìyí.”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Bí mo ṣe ń gé irun iwájú orí ni. Èèyàn kì í gé irun kó wá wọ oníbàárà lójú.”

“Bí ọkọ mi ṣe máa ń ṣe é,” ìyá tún wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ọdọọdún ló ń gé e. Á gé e kanlẹ̀, inú á máa bí mi. Èmi ni mo kọ̀ tí mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án mọ́. Mo rò pé mò ń kẹ́ ẹ ni.”

“Ẹ kẹ́ ẹ lóòótọ́, mà. Ẹ kẹ́ ẹ dé àkẹ́bàjẹ́ ni.”

“Ta lò ń bá wí?”

“Igi, mà. Igi ni mò ń bá wí.”

Ẹ̀ka ga, ewé yọ, pupa rúsúrúsú lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà tútù yọ̀yọ̀. Nígbà tó yá, orí ẹ̀ka ti Bàbá gbé kókó òdòdó kan jáde, kékeré méjì sì fara tì í lọ́tùn-ún lósì. Ìyá Onílé mú Bábà lọ síbẹ̀.

“Yọ kékeré méjèèjì yẹn kúrò, kí ti àárín lè tóbi.”

Bábà kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. “Rárá o, mà.”

“Kí ló dé?”

“Mi ò gé nǹkan kan nínú ọgbà yìí mọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n gé e, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún mi. Kẹ́ ẹ fi àmì sí i lókè, kẹ́ ẹ fi àmì sí i nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì buwọ́ lù ú.”

“Èékánná lèèyàn fi ń yọ ọ́, kò gba irin!”

“Kẹ́ ẹ kọ èékánná náà síbẹ̀.”

Ìyá Onílé pòṣé, ó sì fi èékánná tirẹ̀ yọ wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, ni Bábà gbé kẹ́ńtù dé ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró. Kẹ́ńtù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi ṣàn wọ inú bàtà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá wíńdò yàrá ìyá náà.

“Mà! Mà! Ẹ dìde! Ó ti tanná!”

Ohùn oorun dáhùn látinú ilé. “Wọ́n ti mú un dé? Yáa gbé fóònù mi sí iná, kí wọ́n tó tún mú un lọ.”

“Kì í ṣe ti mànàmáná, mà! Ti Bàbá!”

Wíńdò ṣí gbayawu.

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni, ó fi orí ẹ̀ka rẹ̀ gùnlẹ̀, ó ga tó àyà èèyàn. Ìdajì rẹ̀ ti ṣí, ìdajì ṣì wé mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tójú ń tì. Àwọ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ìdájí tó wà lókè orí ilé ní ìṣẹ́jú yẹn. Ìrì sẹ̀ sí i létí.

Ìyá Onílé jáde wá, ó dúró tì í. Bábà nawọ́ sí i.

“Má fọwọ́ kàn án,” ìyá sọ jẹ́jẹ́. “Ojú la kọ́kọ́ ń fi jẹ òdòdó. Irú àsìkò báyìí ló dùn ún wò jù, kí oòrùn tó là á tán. Wo bó ṣe ká mọ́ra. Wo inú ẹ̀ lọ́hùn-ún, bó ṣe pọ́n sí i.”

“Mo rí i, mà. Mi ò mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú igi yẹn.” Ó yíjú sí ìyá. “Ṣé ẹ máa gé e wọlé?”

“Rárá. Ẹni tí mo fẹ́ gé e fún ò sí nílé. Jẹ́ kó wà lórí ìdúró.”

Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Bábà yọ aṣọ ìnura tó máa ń fi bo oníbàárà lọ́rùn ní èjìká, ó gbọn irun ara rẹ̀ dànù, ó nà án sí i. Ìyá Onílé wo aṣọ náà, ó wo irun tó kù lára rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú ara rẹ̀.

“Bábà.”

“Mà.”

“Ẹrù tó o ti dì sílẹ̀ yẹn, lọ tú u. O ò lọ síbì kankan.”

“Mi ò di ẹrù kankan, mà.”

“O ò dì í? Pẹ̀lú bí mo ṣe lé ẹ tó?”

“Mo nígbàgbọ́ nínú orí tí mo bá fá, mà.”

Ìyá náà mi orí, ó sì tẹ̀ ba sí òdòdó náà. Ó dijú, ó fa òórùn rẹ̀ sínú gígùn, bí ẹni tó ti rìn jìnnà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí omi. Ó pẹ́ kó tó nàró.

“Ọkọ mi gan-an rèé. Bí mo bá ti gbóòórùn yìí báyìí, bí ẹni pé ó sùn tì mí ni.”

Bábà náà rọra bẹ̀rẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa imú. Òórùn náà tutù, ó dùn, ó gba inú ihò imú rẹ̀ lọ dé ibi tí òórùn kan ò dé rí. Ó gbórí sókè tìyanutìyanu.

“Mà, a jẹ́ pé Bàbá ń wẹ̀ dáadáa nígbà ayé wọn.”

“Ó ń wẹ̀ kẹ̀? Ọkọ mi?” Ẹ̀rín bú lẹ́nu Ìyá Onílé, ó gbá wíńdò mú kó má bàa ṣubú. “Bábà, ọkọ mi àti omi ò rẹ́ rí! Kí lo rò pé ó mú mi fi dandan lé e pé kó wá òdòdó olóòórùn gbìn sábẹ́ wíńdò yàrá wa?”